Ẹni Tí Ó Fẹ́ Padà Sídìí Ọkọ̀ Àjàgbé

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú kan tí àsálátù wa ní Àgùdà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, tí àwọn ọmọ kéú ń ká ẹní. Arákùnrin kan dúró dè wá pẹ̀lú ìwé mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀. Ó ní: "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí, bóyá ó bá ẹ̀sìn mu kí n buwọ́ lù ú." Ìwé àdéhùn ni. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó ní ọkọ̀ àjàgbé púpọ̀ fẹ́ tún un kọ́ ní iṣẹ́ awakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì máa fún un ní owó oúnjẹ. Bí ó bá parí, yóò wa ọkọ̀ fún wọn fún ọdún 2 gbáko. Bí ó bá kúrò kí ọdún 2 náà tó pé, yóò san gbogbo owó tí wọ́n ná lé e lórí padà.

A bi í bóyá ó ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní ọdún 9 ni òun fi wa tírélà, láti èbúté Àpápá lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin àti Kánò, àti pé ní ọdún 2019 ni òun gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀. Kọ̀ǹténà tí òun gbé ni ó yọ́ kúrò lórí ọkọ̀ níbi tí òun ti ń yà ní oríta kan lóru. Ọmọ ọkọ̀ òun ti bọ́ sílẹ̀ láti bá òun la ọ̀nà. Òun ni kọ̀ǹténà náà wó lù. Ọmọ ọdún 22 ni.

Láti ìgbà náà, arákùnrin yìí gun ọ̀kadà títí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, tí Surulere wà nínú wọn, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022. Ó tún bọ́ sídìí kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ 3. Nígbà náà ni ó yé wa pé kì í ṣe ìwé mẹ́ta yẹn nìkan ni ó gbé wá bá wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní agbègbè wa kò nílò kí a ṣe àlàyé púpọ̀ nípa kọ̀ǹténà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ọ̀kan já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba sórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀, ènìyàn 3 sì kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, òmíràn wó lu ọkọ̀ akérò. Ènìyàn 9 ni ó bá a lọ, ọmọdé 2 wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń gbà lọ sí Yábàá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 40, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan kan nínú rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 4. Bí wọ́n bá di ẹrù sínú rẹ̀, ó lè tó tọ́ọ̀nù 30. Ihò wà nísàlẹ̀ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irin wà lára ọkọ̀ tí ó ń wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, tí a ó sì yí kí ó lè há. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní twist-lock. Bí a bá yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ̀ǹténà àti ọkọ̀ ti di ọ̀kan. Bí a kò bá yí wọn, ìwúwo ẹrù nìkan ni ó dì í mú. Ọjọ́ tí awakọ̀ bá sì fi eré yà, ìwúwo yẹn kan náà ni yóò gbé e lulẹ̀. Kí wá ni ìdí tí ènìyàn kò fi ní yí irin mẹ́rin? Arákùnrin wa kò fi bò. Ó ní ọ̀gá tí ó ni ọkọ̀ ni ó ní kí òun má yí wọn, pé bí kọ̀ǹténà bá fẹ́ ṣubú, kí ó dá ṣubú, kí ó má fa ọkọ̀ òun lulẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá kan ṣoṣo ni ó ń rò bẹ́ẹ̀ ní Èkó yìí. Ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣírò, wọn kò ṣírò ẹni tí ó wà lábẹ́ afárá.

Tirmidhi gbà wá pé ọkùnrin kan bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ láìso kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé E. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí ó so ó ná. Àwọn awakọ̀ wa tí wọ́n kọ Tàwákálítù gàdàgbà sí iwájú ọkọ̀ wọn, a fẹ́ kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lọ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó ka àdúà ìrìn-àjò.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí fún ẹni tí irú nǹkan báyìí ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹlẹ̀, tí ó sì fẹ́ padà sí ìdí iṣẹ́ kan náà? Àwọn kan ti sọ fún un pé kádàrá ni, kí ó gbàgbé. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ ti kọ̀ ọ́, kí ó má dán an wò mọ́. A kò gba ti apá kan nínú méjèèjì. A ní kí ó jókòó, a sì ṣí Súúrà Al-Qasas, tí í ṣe súúrà 28, láti ẹsẹ 15 lọ.

Ẹ mọ ìtàn Ànábì Músà (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni ó ń kà á ní ègé-ègé. Ó bá ọkùnrin 2 níbi tí wọ́n ti ń jà, ó gbè sẹ́yìn ẹni tí ó jẹ́ ti ìran rẹ̀, ó sì lu èkejì ní ẹ̀ṣẹ́. Kò gbèrò láti pa á, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kú. Músà kò wí àwíjàre. Ó jẹ́wọ́ fún Olúwa rẹ̀ pé òun ṣe àbòsí sí ara òun, ó tọrọ àforíjìn, ó sì rí i gbà. Lẹ́yìn náà ni ó sá kúrò ní ìlú, ó dé Madyan láìní nǹkan kan lọ́wọ́, ó sì bá àwọn ọmọbìnrin 2 fún ẹran wọn lómi. Ní ẹsẹ 26, ọ̀kan nínú wọn ní kí baba òun gbà á síṣẹ́, ó sì dárúkọ ohun 2 tí ó yẹ kí a wò lára ẹni tí a ó gbà: kí ó ní agbára, kí ó sì ṣeé fọkàn tán. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ kíyè sí i pé ẹnu obìnrin ni òṣùwọ̀n yìí ti jáde tí Ọlọ́hun fi í sínú Tírà Rẹ̀. Ní ẹsẹ 27, baba náà là á mọ́lẹ̀ pé ọdún 8 ni, pé bí Músà bá sọ ọ́ di 10, láti inú ọkàn ara rẹ̀ ni, òun kò fẹ́ ni ín lára. Músà náà kò sì gbà á ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ní ẹsẹ 28, ó ní èyíkéyìí tí òun bá parí nínú méjèèjì, kí a má ṣe tún fi kún un fún òun, ó sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí. Ibn Abbas sọ, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ti gbà á, pé èyí tí ó gùn jù ni ó parí. Lẹ́yìn èyí ni Ọlọ́hun rán an padà sí ìlú kan náà tí ó ti sá kúrò.

A kò fi awakọ̀ kankan wé Ànábì. Ohun tí a ń fi han arákùnrin wa ni bí nǹkan ti tò tẹ̀ léra wọn: ẹni tí ẹ̀mí bọ́ mọ́ lọ́wọ́ láìmọ̀ọ́mọ̀ jẹ́wọ́ ná, ó tọrọ àforíjìn, ó wá wọ àdéhùn iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ hàn kedere, ó sì parí rẹ̀. Kò sí ibi tí a ti fò ọ̀kan.

Agbára tí ọmọbìnrin yẹn sọ, kí ni ó jẹ́ fún awakọ̀? Kì í ṣe apá tí ó yi. Ẹ mọ bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tírélà wa ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a máa fi igi há táyà, wọn a máa fọ ọkọ̀. Ọjọ́ kan ọ̀gá á ní kí ó sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀ ní gáréèjì, ọjọ́ mìíràn oorun á kun ọ̀gá lójú ọ̀nà Jẹ́bà, á sì gbé sítíárì fún un lóru. Báyìí ni arákùnrin wa náà ṣe di awakọ̀. Ó mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó tì í rí láti sọ ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí.

Ẹ gba bíréékì yẹ̀ wò. Bíréékì tírélà kò dà bí ti kẹ̀kẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ fún mọ́ inú àgbá ni ó ń mú un ṣiṣẹ́, nítorí náà awakọ̀ tí kò wo òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí kò tẹ́tí gbọ́ bóyá ó ń jò, kò mọ̀ bóyá òun ní bíréékì tàbí òun kò ní. Bí ó bá sì dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, tí ó kan ń tẹ bíréékì láti òkè délẹ̀, irin á gbóná, kò ní mú mọ́. Láti òkè ni ó yẹ kí ó ti wọ jíà kékeré, kí ẹ̀ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Gbogbo Èkó ni ó rántí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018 ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, nígbà tí ọkọ̀ agbépo kan dojú dé, tí epo tú sójú ọ̀nà, tí iná sì sọ. Ó lé ní 50 ọkọ̀ tí ó jóná. Ènìyàn 9 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kà pé ó kú níbẹ̀. Wọ́n ní bíréékì ni ó kọ̀.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ná owó wọn láti kọ́ awakọ̀. Ilé-iṣẹ́ Dangote ní ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ ní Obájànà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ìjọba Èkó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀, LASDRI, sílẹ̀ fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ ṣòwò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ ẹrù fún 20 ọdún pàápàá, òfin ní kí ó padà sí kíláàsì fún wákàtí 35 láàárín ọdún 5 kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìtìjú ni kí àgbà awakọ̀ tún jókòó sórí bẹ́ńṣì. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, ẹni tí ó bá ń tọ́jú aláìsàn tí a kò sì mọ̀ ọ́n mọ ìmọ̀ ìṣègùn, òun ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó gbé tọ́ọ̀nù 30 gba àárín ọjà kọjá láìkọ́ṣẹ́ kò yàtọ̀ sí i.

Oorun ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí awakọ̀ ẹrù wa ọkọ̀ ju wákàtí 11 lọ lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ni ó ń fi orógbó àti kọfí tan ara rẹ̀ jẹ. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá sọ pé bí oorun bá ń kun ẹnì kan lórí ìrun, kí ó lọ sùn títí yóò fi lọ lójú rẹ̀. Bí a bá lè dá ìrun dúró nítorí oorun, ta ni ó ní kí ọkọ̀ má dúró? Bákan náà ni Muslim gbà wá pé bí arìnrìn-àjò bá fẹ́ sọ̀ lóru, kí ó yà kúrò lójú ọ̀nà. A ń rántí ọdún 2018, tí tírélà àti ọkọ̀ agbépo tò láti Àpápá títí dé Sitédíọ̀mù, tí àwọn awakọ̀ ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ wọn ní ojú títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn nìkan. Ọdún 2021 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò fífi ẹ̀rọ pe ọkọ̀ wọ èbúté ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìwé náà. Àwa mọ èdè Lárúbáwá ju èdè àwọn lọ́yà lọ, nítorí náà a pe arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń kọ́ nípa òfin ní yunifásítì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fa ìlà sábẹ́ ibi 3. Ìkíní, ìwé náà ní "gbogbo owó" láìsọ iye. Ìkejì, ẹni tí ó lo oṣù 1 tí ó lọ àti ẹni tí ó lo oṣù 23 tí ó lọ, iye kan náà ni wọn yóò san. Ìkẹta, bí ilé-iṣẹ́ bá dá a dúró láìṣẹ̀, kò sí ohun tí ó sọ pé gbèsè náà kú. Ó tún ní wọ́n fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ gan-an sọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, irú àdéhùn yìí tọ́. Ẹ̀kọ́ jẹ́ ohun tí ó ní iye lórí, ẹni tí ó sì gbà á lè fi iṣẹ́ san án, gẹ́gẹ́ bí Músà ti fi iṣẹ́ san ohun tí ó ru. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ní kí ìgbà hàn, kí iṣẹ́ hàn, kí owó hàn. Ohun tí ó bá fara pamọ́ nínú wọn ni ó ń ba àdéhùn jẹ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì kọ́ wa pé májẹ̀mú tí Mùsùlùmí bá ṣe ni yóò dúró tì, àyàfi èyí tí ó bá sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́ tàbí tí ó sọ ẹ̀tọ́ di èèwọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ènìyàn bá wọn sọ̀rọ̀ kí ó tó buwọ́ lù ú, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan máa ń buwọ́ lù ú pẹ̀lú èrò pé bí àwọn bá ti kọ́ṣẹ́ tán, àwọn á sá lọ sí ibi tí owó oṣù ti pọ̀ jù. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n. Olè ni, àwọn onídùúró 2 tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún wọn ni wọ́n sì jà lólè. Ẹni tí ń fa dísù inú ọkọ̀ tà lójú ọ̀nà kò yàtọ̀ sí wọn, ibi tí ìfọkàntán ti ń kú nìyẹn.

Arábìnrin wa tún sọ ohun 2 tí àwa kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, pàṣẹ kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí yóò sọ owó oṣù, iṣẹ́ àti ìgbà rẹ̀ kí oṣù 3 tó pé tí ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti dá àpò owó ìkọ́ṣẹ́, Industrial Training Fund, sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tó ìwọ̀n kan ń dá ìdá 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn síbẹ̀, èyí tí ó bá sì kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ó ti yẹ lè gba apá kan padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kí a béèrè èwo gan-an ni "gbogbo owó".

Arákùnrin wa bẹ̀rù láti lọ béèrè. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn á mú ẹlòmíràn. A kò bá a jiyàn, nítorí ẹni tí ó ní ọmọ 3 nílé ni ó mọ ohun tí ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ó lọ. Wọ́n kọ iye owó sí i, wọ́n sì gbà pé kí ó máa dín kù bí oṣù bá ti ń kọjá. Wọ́n fi kún un pé bí àwọn bá dá a dúró láìṣẹ̀, kò ní san án. Ti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni wọn kò gbà. Ó ní òun á fara mọ́ ọn. Àwa kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ ọkọ̀ náà. Súúrà 4, ẹsẹ 92, sọ ohun tí ó di dandan lórí ẹni tí ó bá pa onígbàgbọ́ ní àṣìṣe: owó ẹ̀mí fún àwọn ènìyàn rẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, àti ìtánràn sí Ọlọ́hun, tí ó jẹ́ títú ẹrú sílẹ̀, ẹni tí kò bá rí ẹrú yóò gba ààwẹ̀ oṣù 2 léra wọn. Arákùnrin wa ní òun kò mọ̀ pé ó kan òun, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá ni ó pàṣẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, a kì í sì í tẹ̀lé ẹ̀dá níbi tí a ti ń ṣẹ Ẹlẹ́dàá. Bí ó bá ti dè é, tí ó rọra wa ọkọ̀, tí ẹlòmíràn wá kọ lù ú, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. A ní kí ó tún bi àwọn àgbà àfáà tí wọ́n jù wá lọ, ó bi wọ́n, ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún un.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ọ̀nà Imam Malik tí àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, bí àìsàn bá mú kí ó jẹun láàárín oṣù 2 yẹn, kò já ààwẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹun nítorí ìrìn-àjò, ó ti já, yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní. Nítorí náà, a ní kí ó gbà á tán kí ó tó gun ọkọ̀, kí ó sì wo kàlẹ́ńdà kí Rámádánì tàbí ọjọ́ Ọdún má bọ́ sáàárín rẹ̀.

Kò tíì fojú kan ìyá ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Owó ni ó ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ó bá rí. A bá a lọ sí ilé ìyá náà ní ọjọ́ Sátidé kan. Ìyá náà fún wa ní omi, ó jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán, láti orí àṣẹ ọ̀gá títí dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà. Ó ní òun ti yọ̀ǹda owó ẹ̀mí láti ọjọ́ fídáù, òun kò gba nǹkan kan. Ó wá bi í pé: "Ṣé ẹ ti ń dè é báyìí?" Arákùnrin wa kò lè dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi ọwọ́ júwe fún un bí wọ́n ti ń yí irin náà, ní igun kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní ọjọ́ tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, ààwẹ̀ 43 ni ó ti gbà. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí ó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wọlé lẹ́yìn náà.